Gómìnà Tí A Kò Dìbò Yàn: Ìgbésí Ayé James Watt

Ìtàn ìgbésí ayé tí a máa ń kọ sí ojú ìwé yìí sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó fi èdè ṣiṣẹ́: Ajayi Crowther, Fagunwa àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n mú oníṣẹ́ ọwọ́ ará Scotland kan wọlé. Kò kọ gírámà, kò túmọ̀ Bíbélì, ó sì ti kú láti ọdún 1819. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo gílóòbù iná tí ẹ bá rà lọ́jà. Tí wọ́n bá ní gílóòbù jẹ́ wáàtì 60, orúkọ ènìyàn ni wọ́n ń pè. James Watt ni ẹni náà.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé ìlọ̀ kan ní Eruku ni ọ̀rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ìlọ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ

Fún àwọn tí kò mọ ìlú wa, Eruku wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ekiti ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ọ̀nà tó gba Omu-Aran lọ sí Egbe. Tí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀ sí i, ẹ ti wọ Kogi nìyẹn. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi wálé fún ìsinmi lọ́dún tó kọjá, inú rẹ̀ kò dùn. Chemical engineering ló ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní process control. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ó ní olùkọ́ ń kọ ìṣirò láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀, òun náà ń dà á kọ, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí gbogbo rẹ̀ wà fún. Ní òru ọjọ́ kan tí kò sí iná, ó sọ fún mi pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́, pé òun máa lọ kọ́ṣẹ́ fóònù títúnṣe ní Ilorin. Màmá wa kò tíì gbọ́. Èmi nìkan ló mọ̀.

Èmi kò mọ ìṣirò tó lè gbà á sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni èdè. Mo ní kó máa pe àwọn ọ̀rọ̀ inú kọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a jọ wá ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá, bóyá ohun tí kò yé e ní èdè kan lè yé e ní èkejì. A wá díẹ̀ rí. Nígbà tí a dé orí feedback, ó sú wa, a sì sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní kí a gbé àgbàdo ògì lọ sí ilé ìlọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́rọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì àtijọ́ kan ló ń yí ọlọ wọn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí wa. Àbúrò mi da àgbàdo sínú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì náà kérora, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Kò pẹ́, ó tún gbé ohùn sókè padà sí bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Mo ti ń gbọ́ ìró yẹn láti kékeré, n kò sì bèèrè rí pé ta ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà mo bèèrè.

Bàbá Ẹlẹ́rọ na ìka sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti sípíríǹgì tó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní gọ́fánọ̀ ni. Wọ́n ṣàlàyé pé irin méjì wà nínú tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù, irin méjèèjì á fẹ̀ síta, wọ́n á sì fa ọ̀pá náà kí dísẹ́lì dínkù. Tí iṣẹ́ bá wúwo tí eré bá dínkù, irin náà á padà súnmọ́ ara wọn, sípíríǹgì á fà á padà, dísẹ́lì á sì pọ̀ sí i. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì náà ló ń jábọ̀ fún ara rẹ̀, pé bí ó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n ń dúró tì í láti máa pọ̀n ọ́n sókè sódò, àwọn kò ní rí àyè gba owó.

Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Feedback tí a wá títí di òru, Bàbá Ẹlẹ́rọ ti sọ ọ́ láìmọ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tó sì padà wá sọ bó ti rí, àbọ̀ ló jẹ́.

Nígbà tí a délé, àbúrò mi ṣí ìwé rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni gọ́fánọ̀ James Watt. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọkùnrin náà nìyẹn.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kò le

Ọjọ́ 19, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1736 ni wọ́n bí i ní Greenock, ìlú etí omi kan ní ìwọ̀ oòrùn Scotland. James ni bàbá rẹ̀ náà ń jẹ́. Bàbá yìí ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó ń ta ohun èlò ọkọ̀, ó sì ń ṣòwò pẹ̀lú òkè òkun. Agnes Muirhead ni ìyá rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Thomas Watt, ti kọ́ni ní ìṣirò nígbà ayé tirẹ̀.

Ara ọmọ náà kò le. Ẹ̀fọ́rí kì í jẹ́ kó gbádùn, nítorí náà ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ níwèé kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìṣirò ló mọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n fún un ní irinṣẹ́ tirẹ̀, ó ń ṣe ohun kéékèèké, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń tún àwọn ohun èlò tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lórí òkun ṣe.

Ní 1753 ìyá rẹ̀ kú. Òwò bàbá rẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ mọ́. James ní láti wá iṣẹ́ tí yóò máa jẹ. Ní 1755, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó gun ẹṣin lọ sí London láti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun èlò ìwọ̀n. Ọdún méje ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá nígbà náà. Watt kò ní owó rẹ̀, kò sì ní sùúrù rẹ̀. Ó bá ọ̀gá kan tó ń jẹ́ John Morgan ṣe àdéhùn ọdún kan ṣoṣo, ó san gínì 20, ó sì ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ fi dá. Nígbà tí ọdún náà pé, ó ti mọ iṣẹ́, ó sì padà sí Scotland pẹ̀lú àìsàn lára.

Yàrá kékeré nínú yunifásítì

Ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Glasgow, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ìlú náà kò gbà á, torí kò lo ọdún méje tí òfin wọn béèrè. Yunifásítì ló kó o yọ. Ní àkókò yẹn, oníṣòwò kan tó ti gbé ní Jamaica, Alexander Macfarlane, ti kú, ó sì ti fi àwọn ohun èlò tó fi ń wo ìràwọ̀ sílẹ̀ fún yunifásítì náà. Omi òkun ti bà wọ́n jẹ́ lójú ọ̀nà. Watt tún wọn ṣe. Ní 1757 àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún un ní yàrá kan nínú ọgbà, níbi tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ irin kò lè dé mú un.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ibí yìí. Watt kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà, kì í sì í ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Alátùn-únṣe ni. Àmọ́ yàrá rẹ̀ di ibi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí. Joseph Black tó ń kọ́ni ní kẹ́míkà di ọ̀rẹ́ rẹ̀, Adam Smith náà sì mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, John Robison, ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́.

Ní 1764 ó fẹ́ Margaret Miller, ẹni tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ní àsìkò òtútù tó ṣáájú ìgbéyàwó náà, wọ́n gbé àwòkọ́ṣe ẹ́ńjìnnì Newcomen kan wá fún un láti tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì Newcomen ni wọ́n fi ń fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà nígbà náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ooru omi á wọ inú sílíńdà, wọ́n á wá fọ́n omi tútù sí i kí ooru náà lè di omi padà. Nígbà tí ooru bá di omi, àyè inú sílíńdà á ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta á sì ti písítìnnì wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Watt tún un ṣe tán, ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì kú. Dípò kó dá a padà fún wọn, ó jókòó tì í, ó ń wọ̀n ọ́n. Ó rí i pé nínú ìdá mẹ́rin ooru tó wọlé, ó tó ìdá mẹ́ta tó ń lọ sórí mímú sílíńdà tútù gbóná padà. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ro àmàlà, tó jẹ́ pé bó bá ti fa ìkòkò kan tán, á da omi tútù sí i kó tó gbé e padà síná. Igi á tán, iṣẹ́ kò ní tíì tó.

Ó rò ó fún oṣù púpọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní 1765, bó ṣe ń rìn nínú pápá gbangba tí wọ́n ń pè ní Glasgow Green, ọ̀nà àbáyọ náà sọ sí i lọ́kàn. Kí ooru jáde kúrò nínú sílíńdà lọ sínú ìkòkò mìíràn, kó di omi níbẹ̀. Ìkòkò yẹn á máa tutù nígbà gbogbo, sílíńdà náà á sì máa gbóná nígbà gbogbo. Ohun tó dá a lóhùn kò ju èyí lọ.

Ọdún mọ́kànlá

Ibí yìí ni mo ti pe àbúrò mi kó wá kà á fúnra rẹ̀. Láti 1765 tí Watt ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ọdún 1776 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún oníbàárà. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín.

Sílíńdà tó tẹ́jú dáadáa ni kò rí ẹni bá a ṣe, ooru ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnnì. Owó tán. John Roebuck, oníṣòwò kan, bá a dá sí i, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1769, ṣùgbọ́n Roebuck náà wọ gbèsè. Watt ní aya àti ọmọ láti bọ́, ó sì lọ ń ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ojú omi fún ọkọ̀. Ó ṣe é fún bí ọdún mẹ́jọ. Àwọn lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lákòókò yẹn kún fún ẹ̀fọ́rí, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àárẹ̀ ọkàn.

Ní oṣù Owewe 1773 ó wà ní àríwá Scotland lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ìròyìn dé pé ara Margaret kò yá. Oyún wà nínú rẹ̀. Ó sáré padà sílé nínú òjò àti ẹrẹ̀. Kó tó dé, Margaret ti kú sórí ìrọbí.

Ọdún tó tẹ̀lé e ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Scotland, ó lọ sí Birmingham lọ́dọ̀ Matthew Boulton, ẹni tó gba ìpín Roebuck nínú iṣẹ́ náà. Boulton jẹ́ ohun tí Watt kò jẹ́. Ó mọ owó ṣe, ó mọ ènìyàn bá sọ̀rọ̀, kì í sì í tètè rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n lọ bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì fi kún ọjọ́ ìwé àṣẹ náà títí di 1800. John Wilkinson, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò ìbọn ńlá, ló bá wọn gbẹ́ sílíńdà tó tẹ́jú. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe dìde ní 1776. Ọdún yẹn kan náà ni Watt fẹ́ Ann MacGregor, ọmọ aláró kan ní Glasgow.

Bí wọ́n ṣe ń gba owó wọn dùn mọ́ mi. Wọn kì í ta ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni ta ọjà. Wọ́n á ṣírò iye èédú tí ẹ́ńjìnnì Newcomen ìbá jẹ, wọ́n á yọ iye tí tiwọn jẹ kúrò, wọ́n á sì gba ìdá mẹ́ta owó tó ṣẹ́kù. Àwọn awakùsà ní Cornwall kò fẹ́ràn ìyẹn rárá, ẹjọ́ sì pọ̀. Láti lè sọ fún àwọn oníbàárà bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe tó, Watt wọn iṣẹ́ tí ẹṣin lè ṣe, ó sì fi agbára ẹṣin ṣe òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ lónìí ti ń pe agbára ẹṣin kan, méjì, mẹ́ta.

Gómìnà láti ilé ìlọ̀

Fífa omi nìkan ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wà fún. Ní àwọn ọdún 1780, Watt àti William Murdoch, ọmọ iṣẹ́ wọn tó gbọ́n, wá ọ̀nà tí yóò fi máa yí àgbá kẹ̀kẹ́. Ìgbà náà ni àwọn ilé ìṣẹ́ òwú, ti ọtí àti ti ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ìṣòro tuntun dé. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi lè yára, ó lè falẹ̀, kò sí ẹni tó kàn. Ẹ̀rọ ìrànwú kò lè gba ìyẹn. Tí eré bá pọ̀ jù, òwú á já.

Ní London, ilé ìlọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Albion Mills, ẹ́ńjìnnì Boulton àti Watt ló ń yí ọlọ ibẹ̀. Ní 1788 Boulton rí ohun kan níbẹ̀ tí àwọn alọ̀ ti ń lò tipẹ́: bọ́ọ̀lù irin méjì tó ń yí lórí ọ̀pá, tó ń fẹ̀ síta bí eré bá ti ń pọ̀, tó sì ń fi ìyẹn tún àlàfo àárín ọlọ méjèèjì ṣe. Boulton kọ̀wé sí Watt nípa rẹ̀. Watt gbé bọ́ọ̀lù méjèèjì sára ẹ́ńjìnnì, ó sì so wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn tí ooru ń gbà wọlé. Eré pọ̀, bọ́ọ̀lù fẹ̀, ilẹ̀kùn pa dé díẹ̀, eré dínkù. Eré dínkù, bọ́ọ̀lù wálẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Kò gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, torí ó mọ̀ pé àwọn alọ̀ ló ni ọgbọ́n náà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé e láti orí ọlọ wá sórí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rántí Bàbá Ẹlẹ́rọ. Láti ilé ìlọ̀ ni gọ́fánọ̀ ti jáde, ilé ìlọ̀ ló sì tún padà sí, ní Eruku.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ wa kún un. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe atukọ̀ ni kybernetes. Àwọn ará Róòmù yá a, wọ́n sọ ọ́ di gubernator. Ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá dé Gẹ̀ẹ́sì, ó di governor. Nígbà tí òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, a gbà á, a pè é ní gómìnà. Àwọn mẹkáníìkì wa náà gbà á lọ́nà tiwọn, wọ́n pè é ní gọ́fánọ̀. Gómìnà tó wà ní Ilorin àti gọ́fánọ̀ inú ẹ́ńjìnnì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, atukọ̀ sì ni bàbá ńlá wọn. Ní 1948, nígbà tí Norbert Wiener ń wá orúkọ fún ìmọ̀ ìdarí ẹ̀rọ àti ẹ̀dá, ó padà sí ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn, ó sì pè é ní cybernetics.

Ohun tí kò yẹ kí a fò

Ó wù mí kí n fi ìyìn nìkan parí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá ka ìtàn Watt tó sì fo ibí yìí kò ṣe dáadáa. Òwò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú òkè òkun kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára oko ẹrú. Àwọn onítàn ní Scotland tó yẹ ìwé ìdílé náà wò rí i pé ní 1762, James fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe fi ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, tí wọ́n ń pè ní Frederick, ránṣẹ́ sí ìdílé kan ní àríwá Scotland. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean láti fún ìrèké ní oko tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́.

Òṣùwọ̀n wáàtì ṣì ń jẹ́ wáàtì. Àmọ́ mo fẹ́ kí orúkọ Frederick náà wà nínú ìtàn tí a kọ ní èdè wa.

Ọjọ́ alẹ́

Watt kò jókòó sórí ẹ́ńjìnnì nìkan. Ní 1780 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà lẹ́tà. Ó mú ọ̀nà tí Berthollet ń gbà fi kẹ́míkà fọ aṣọ funfun wá láti Paris fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó wà lára ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń pàdé ní Birmingham ní alẹ́ tí òṣùpá bá lé, kí ọ̀nà lè mọ́lẹ̀ fún wọn láti padà sílé. Joseph Priestley àti Josiah Wedgwood wà lára wọn.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe é lọ́ṣẹ́. Ní 1794 ọmọbìnrin rẹ̀, Jessy, kú ní ọmọ ọdún 15. Watt bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà Thomas Beddoes ṣiṣẹ́, ó ṣe ẹ̀rọ tí aláìsàn lè fi fa oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ símú, bóyá ó lè gba ẹlòmíràn là. Kò gba Gregory, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, là. Ikọ́ kan náà ló pa á ní 1804.

Ó ti fẹ̀yìn tì ní 1800 nígbà tí ọjọ́ ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, ó sì ń lo ọjọ́ rẹ̀ nínú yàrá kan lábẹ́ òrùlé ilé rẹ̀ ní Handsworth, níbi tó ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ère. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù Ògún, 1819, ní ọmọ ọdún 83. Wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tí wọ́n sin Boulton sí. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá òkè yẹn ti wà ní Science Museum ní London báyìí. Ní 1882 ni William Siemens dábàá pé kí wọ́n fi orúkọ Watt pe òṣùwọ̀n agbára, tó jẹ́ pé agbára ẹṣin kan tó wáàtì 746.

Láti ọ̀dọ̀ Watt dé ọ̀dọ̀ tiwa

Watt kò fi ìṣirò ṣàlàyé gọ́fánọ̀ rẹ̀, àbùkù kan sì wà lára rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì kì í balẹ̀. Á yára jù, á falẹ̀ jù, á tún yára jù. Bàbá Ẹlẹ́rọ ní tí sípíríǹgì bá ti gbó, ẹ́ńjìnnì á máa mí. Ní 1868 James Clerk Maxwell ló fi ìṣirò wá ìdí rẹ̀. Àbúrò mi, tó ní kò yé òun, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi níwájú ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní tí mo bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tí mo tọ́ ọ wò kí iyọ̀ tó yọ́, màá rò pé kò tó, màá fi sí i, nígbà tó bá fi máa yọ́ tán, ọbẹ̀ ti níyọ̀ jù. Àbọ̀ tó pẹ́ kó tó dé àti ọwọ́ tó wúwo, àwọn méjèèjì ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Ìṣirò tó kún pátákó wọn, ibẹ̀ ló ti wá.

Ní 1922 Nicolas Minorsky wo bí atukọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń dárí ọkọ̀ ogun. Ó rí i pé kì í wo bí ọkọ̀ ṣe ṣìnà tó nìkan. Ó ń wo bó ti ṣe pẹ́ tó tó ti ń ṣìnà, àti bí ìṣìnà náà ṣe ń yára tó. Ohun mẹ́ta yẹn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ epo, sìmẹ́ńtì àti ọtí fi ń dá ooru àti ìfúnpá dúró lójú kan títí di òní.

Orúkọ ọmọ Yorùbá náà wà nínú ìran yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Ogunnaike gboyè chemical engineering ní Yunifásítì Èkó ní 1976, wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé ní Wisconsin ní 1981, wọ́n sì padà wá kọ́ni ní Èkó kí wọ́n tó lọ sí ilé iṣẹ́ DuPont àti Yunifásítì Delaware. Ìwé ńlá tí àwọn àti W. Harmon Ray kọ lórí process control jáde ní 1994. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó ọ̀rọ̀ wọn jọ di orin orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà ń kọ láti 1978 títí di 2024. Ọdún 2022 ni wọ́n papò dà. Àbúrò mi ti ń kọ orin yẹn láti jéléósinmi, kò mọ̀ pé ẹni tó bá wọn kọ ọ́ ló kọ ìwé tó ń bà á lẹ́rù.

Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ti tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, èsì rẹ̀ kò tíì jáde bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò, ó ní ìbéèrè kan wà nípa àbọ̀ tó pẹ́, ọbẹ̀ Màmá ni òun sì ń rò bí òun ṣe ń dáhùn.

Ní tèmi, mo ti ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rọ àti mẹkáníìkì ń lò jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Àbọ̀ wà níbẹ̀, mímí ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé nínú ìsinmi yìí, ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá dé ilé ìlọ̀ ìlú yín, ẹ bi wọ́n ní orúkọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọn má kú nígbà tí àgbàdo bá pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.